Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Alternator Rọ́pò Dáínámò Lára Ọkọ̀ Àtijọ́ Láìjó Wáyà

Alẹ́ ọjọ́ òjò ni ọkọ̀ tó ń lo dáínámò, ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Ẹ dúró nínú gosìlóò, iná iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wáípà á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, iná pupa kékeré iwájú awakọ̀ á sì máa ṣẹ́jú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yára díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sọjí padà. Kì í ṣe pé dáínámò náà bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Lucas C40, dáínámò tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1960, kò lè pèsè ju bíi ámpù 22 lọ, ìyẹn náà sì di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dáadáa. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sinmi lójú kan, bátìrì ló ń gbé gbogbo ẹrù.

Nínú dáínámò, apá tó ń yí ni iná ti ń jáde, gbogbo ámpù yẹn ló sì gbọ́dọ̀ gba orí kábọ́ọ̀nù kọjá. Òdìkejì ni ti alternator, ẹ̀rọ tó rọ́pò dáínámò lára ọkọ̀ òde òní: apá tó dúró sójú kan ni iná ti ń jáde, ìwọ̀nba ámpù tó ń sọ apá tó ń yí di mágínẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń gba orí kábọ́ọ̀nù. Ìdí nìyẹn tó fi lè fara da eré púpọ̀, tí púlì rẹ̀ fi lè kéré, tó sì ti ń pèsè iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń sinmi. Dáyóòdù inú rẹ̀ ló ń sọ iná AC di DC. Dáyóòdù yìí kan náà ló ń dènà kí iná bátìrì má ṣàn padà sínú rẹ̀, iṣẹ́ tí cut-out ń ṣe fún dáínámò. Valiant tí Chrysler ṣe ní 1960 wà lára àwọn ọkọ̀ aládàáni àkọ́kọ́ tó bá alternator jáde láti ilé iṣẹ́. MGB gba tirẹ̀ ní ìparí 1967.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka iṣẹ́ yìí sí ti bóòtù mẹ́ta. Lóòótọ́, bóòtù mẹ́ta ni, kò sì le. Ṣùgbọ́n wáyà tó wà lára ọkọ̀ yẹn, dáínámò ámpù 22 ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń jẹ ooru ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó ń pèsè ámpù 45 lé irú wáyà bẹ́ẹ̀ lórí ti gbé ẹrù lé ohun tí kò lè rù ú. Orí wáyà ni mo máa pẹ́ sí jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ ṣírò ohun tí ọkọ̀ yín ń jẹ. Wáàtì ni kí ẹ fi fólítì pín, ámpù ló máa jáde. Iná iwájú méjì tó jẹ́ wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan yóò jẹ bíi ámpù 9 tàbí 10. Àwọn iná kéékèèké iwájú àti ẹ̀yìn á jẹ bíi 2. Kọ́ìlì tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná á jẹ 3 tàbí 4, wáípà 3, fáànù tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀ 4 tàbí 5. Ẹ ti wọ ẹnu ààlà C40 nìyẹn, ẹ ò sì tíì tan rédíò. Tí ẹ bá wá fẹ́ fi fáànù oníná tu rédíétọ̀, dáínámò kò lè gbé e.

Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan lẹ máa ń wa ọkọ̀ náà, tí ẹ kò sì fi ohun tuntun kún un, èmi ò ní kí ẹ yọ dáínámò. Ẹ fi kábọ́ọ̀nù tuntun sí i, ẹ fọ ibi tí kábọ́ọ̀nù ti ń fara kan apá tó ń yí mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ rẹ́gúlétọ̀, àpótí tó ń ṣàkóso iná tí dáínámò ń pèsè, tún un ṣe, á tún sin yín fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó sì fẹ́ kí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rí bó ṣe rí nígbà tí ọkọ̀ jáde lè ra alternator tí wọ́n kọ́ sínú àgbá tó jọ ti dáínámò. Owó rẹ̀ wọ́n jù, àmọ́ ojú kò ní dá a mọ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn dáínámò yín dáadáa. Lára MG TD àti TF, ẹ̀yìn dáínámò ni ohun tó ń yí aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì wà. Lára àwọn Jaguar Mark 2 kan, ibẹ̀ ni pọ́ọ̀ǹpù páwà sítíárìn so mọ́. Ti Volkswagen Beetle, ọ̀pá dáínámò ló gbé fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì, nítorí náà alternator tí wọ́n ṣe fún un nìkan ló máa wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀ àti páànù ẹ̀yìn fáànù rẹ̀. Tí ọkọ̀ yín bá sì ṣì wà lórí fólítì 6, iṣẹ́ ńlá mìíràn ló ń dúró dè yín: bátìrì, gbogbo gílóòbù, kọ́ìlì àti wáípà ló máa kúrò lórí 6 bọ́ sí 12. Ẹ parí ìyẹn ná.

Èwo ni kí ẹ rà

Fún ọkọ̀ tó ń lo ẹ̀yà Lucas, ìdílé ACR ló rọrùn jù, torí inú rẹ̀ ni rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ wà. 16ACR ń pèsè ámpù 34, 17ACR ń pèsè 36, 18ACR sì ń pèsè 45. Ẹ yẹra fún 10AC àti 11AC: rẹ́gúlétọ̀ wọn wà lọ́tọ̀, wáyà wọn pọ̀, ẹ̀yà wọn sì ti ṣọ̀wọ́n. 18ACR ni mo fara mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kò sí ìdí láti wá ti ámpù 100, torí bó bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe máa fa bẹ́líìtì tó, tí wáyà tó máa gbà á á sì máa nípọn sí i.

Ohun méjì ni kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín. Àkọ́kọ́, apá ibo ni etí tí irin tó ń fa bẹ́líìtì le ti ń mú un wà, ọ̀tún ni àbí òsì? Oríṣi méjèèjì ló wà. Èkejì, ọ̀nà ibo ni fáànù rẹ̀ ń fẹ́ sí? Alternator máa ń pèsè iná bó bá yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, ṣùgbọ́n fáànù tó ń tù ú lè jẹ́ ti apá kan péré. Tó bá ń yí sódì, ooru ló máa pa á.

Ẹ́ẹ̀tì: ìhà wo ni bátìrì yín so mọ́ bọ́dì?

Ẹ wo wáyà tó ti ara bátìrì so mọ́ irin ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ti òdì, ìyẹn −, ẹ fo apá yìí. Tó bá jẹ́ +, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí títí di nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1960, ẹ gbọ́dọ̀ yí i padà kí alternator tó fojú kan bátìrì. Ìfọwọ́kàn ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìhà tí kò yẹ ti tó láti pa gbogbo dáyóòdù inú rẹ̀.

Ẹ tú orí bátìrì méjèèjì, kí ẹ yí bátìrì padà kí − lè kọjú sí wáyà bọ́dì. Wáyà lè má dé ibi tí ẹ fẹ́ mọ́. Orí tó ń mú un kò sì ní bá a mu, nítorí òpó + tóbi ju òpó − lọ lára bátìrì. Ẹ ra orí tuntun méjì. Ẹ má ṣe fi òòlù lu ti àtijọ́ wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pààrọ̀ wáyà kéékèèké méjèèjì orí kọ́ìlì. Wáyà tó ń lọ sí dísítíríbútọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí − báyìí. Lára kọ́ìlì àtijọ́ tí wọ́n kọ SW àti CB sí, èyí tó wà lórí CB á lọ sórí SW, èyí tó wà lórí SW á wá sórí CB. Ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ bí ẹ ò bá tiẹ̀ ṣe é, àmọ́ iná tó ń ta lórí pọ́lọ́ọ̀gì kò ní lágbára tó bó ṣe yẹ.

Sítátà kò ní ìṣòro, ọ̀nà kan náà ló máa ń yí. Àwọn gílóòbù kò bìkítà. Wáípà àtijọ́ kì í sábà bìkítà, ṣùgbọ́n mọ́tò fáànù tó ní mágínẹ́ẹ̀tì gidi nínú á máa yí sẹ́yìn, tí ẹ ó sì pààrọ̀ wáyà rẹ̀ méjèèjì. Rédíò, aago ọkọ̀, aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ oníná, àti pọ́ọ̀ǹpù epo tó ní dáyóòdù nínú: ẹ yọ wáyà gbogbo wọn kúrò kí ẹ tó so bátìrì padà, kí ẹ sì fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà láti yí inú wọn. Bí wọ́n ṣe wà yẹn, iná tó gba ìhà tí kò yẹ wọlé lè jó wọn.

Gbígbé e sórí ẹ́ńjìnnì

Ẹ tú − bátìrì. Ẹ dẹ bẹ́líìtì, ẹ tú wáyà nípọn àti tínrín lẹ́yìn dáínámò, kí ẹ sì so pélébé ìwé mọ́ wọn: D fún nípọn, F fún tínrín. Dáínámò wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, ẹ fi ọwọ́ kan gbé e nísàlẹ̀ kí ẹ tó fa bóòtù ìkẹyìn.

Dáínámò gùn, alternator kúrú. Etí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní dé ibi tí irin ìdìmú ti ẹ̀yìn wà, ẹ ó nílò irin ìdìmú tí wọ́n ṣe fún un tàbí páìpù irin kékeré tó kún àlàfo náà gẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe fi bóòtù fún àlàfo náà pa: etí alternator kì í ṣe irin líle, á là.

Títò púlì ló máa ń pinnu bóyá bẹ́líìtì á pẹ́. Ẹ mú rúlà irin gígùn, kí ẹ fi lé ojú púlì ẹ́ńjìnnì àti ti pọ́ọ̀ǹpù omi, kí ẹ wò ó bóyá ti alternator bá wọn dọ́gba. Bí ó bá wọlé tàbí jáde ní mìlímítà 2, ẹ fi wọ́ṣà tún un ṣe. Bẹ́líìtì tó ń gba ọ̀nà wíwọ́ á máa ké, etí rẹ̀ kan á máa jẹ, á sì já.

Ẹ ṣírò eré rẹ̀ náà. Ẹ fi ìbú púlì alternator pín ìbú púlì ẹ́ńjìnnì. Bí ti ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ mìlímítà 130, tí ti alternator sì jẹ́ 65, ẹ̀ẹ̀mejì ni alternator yí fún ẹyọ kan ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó ń sinmi lórí 800 á yí i ní 1600, ìyẹn tó fún un láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Púlì ńlá dáínámò tí ẹ bá gbé sí i á dín eré yẹn kù, iná á sì tún máa ṣẹ́jú nínú gosìlóò bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ fa bẹ́líìtì títí tí àtàńpàkò á fi lè tẹ àárín ibi tó gùn jù wọlé ní bíi mìlímítà 13. Ẹ fi bẹ́líìtì tuntun sí i, ti àtijọ́ á máa yọ̀ nígbà tí ẹrù bá wúwo.

Wáyà

Ẹ gé rọ́bà kúrò lórí wáyà àtijọ́ kan nítòsí rẹ́gúlétọ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Àwọn okùn bàbà tó yẹ kó máa dán ti dúdú, níbòmíràn wọ́n ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Rọ́bà rẹ̀ á máa ṣẹ́ pá bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Irú bàbà bẹ́ẹ̀ kì í gba òjé, orí wáyà tí ẹ bá tẹ̀ mọ́ ọn á sì máa gbóná. Ẹ máa gé e wọlé títí ẹ ó fi rí bàbà tó ń dán. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ pààrọ̀ wáyà yẹn látòkè délẹ̀.

Wáyà tuntun kan wà tí kò ṣeé yọ sílẹ̀. Láti ibi tó nípọn lẹ́yìn alternator, èyí tí wọ́n máa ń kọ B+ tàbí + sí, ẹ fa á lọ tààrà sórí sólínọ́ìdì sítátà, ní ìhà tí wáyà bátìrì wà. Fún alternator ámpù 36, ẹ lo wáyà 7 mm² tó lè gbé ámpù 50, pẹ̀lú fíúsì ámpù 50. Fún ti 45, ẹ lo 8.5 mm² tó lè gbé 60, pẹ̀lú fíúsì ámpù 60. Fíúsì gbọ́dọ̀ ju ohun tí alternator lè pèsè lọ, kó má sì ju ohun tí wáyà lè gbé. Ìhà sólínọ́ìdì ni kí fíúsì wà, torí bátìrì ló lè da iná jó wáyà bí rọ́bà rẹ̀ bá bó tó sì kan irin. Ẹ gbé wáyà náà jìnnà sí páìpù èéfín, kí ẹ sì máa dè é mọ́ nǹkan tí kì í mì.

Ó kan rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́. Ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó tú ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ RB106, lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ ni A, A1, F, D àti E. Wáyà A àti A1 ni kí ẹ so pọ̀: bátìrì wà lórí ọ̀kan, ohun tí ọkọ̀ ń jẹ wà lórí èkejì. Lórí D, ẹ ó rí méjì: nípọn tó wá láti ara dáínámò, àti tínrín tó lọ sí iná pupa. Ẹ yà wọ́n. Ẹ so tínrín yẹn mọ́ wáyà F, kí wáyà F, tó ti ń lọ sí ẹ̀yìn dáínámò tẹ́lẹ̀, máa gbé iná pupa lọ sórí IND, ibi tí wáyà iná pupa ń wọ̀ lára alternator. Wáyà D nípọn ti parí iṣẹ́: ẹ fi rọ́bà bo orí rẹ̀ méjèèjì, tàbí kí ẹ fà á yọ. Wáyà orí E kò ní iṣẹ́ mọ́.

Bí ó bá jẹ́ RB340, ó tún rọrùn. Àwọn wáyà orí B á wà papọ̀ bí wọ́n ṣe wà. WL ni ti iná pupa, ẹ so ó mọ́ F. D, bákan náà, ẹ bo orí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń tú inú rẹ́gúlétọ̀ dànù, wọ́n á gé gbogbo wáyà kọ́ìlì inú rẹ̀, wọ́n á fi wáyà nípọn so ibi tó yẹ pọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á sì dé ìdérí rẹ̀ padà. Ó mọ́ lójú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n rẹ́gúlétọ̀ tó ti kú ni kí ẹ lò fún un. Èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú dáínámò, nítorí ẹni tó máa ra ọkọ̀ lọ́wọ́ yín lè fẹ́ dá a padà.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì. Ara irin ìdìmú ni alternator ti ń dá iná padà, ọ̀dà àti ìpẹtà sì wà níbẹ̀. Ẹ fi sáńpépà ha á dé irin funfun. Ẹ tún fi wáyà nípọn kan so ara alternator mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì pààrọ̀ wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì bó bá ti gbó.

Iná pupa kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán

Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ máa ń gba inú gílóòbù pupa kọjá lọ sórí IND, ó wọ apá tó ń yí, ó sì sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀nba iná yẹn ni alternator fi ń jí. Bí ó bá ti ń pèsè tirẹ̀, iná á dọ́gba ní ìhà méjèèjì gílóòbù, gílóòbù á sì kú. Nítorí náà, bí gílóòbù bá jó, alternator lè má jí rárá. Gílóòbù wáàtì 2.2 ló yẹ ibẹ̀. LED kì í jẹ́ kí iná tó pọ̀ tó kọjá. Ẹni tó bá ta kú pé LED lòun fẹ́ gbọ́dọ̀ so resistor 68 ohm, wáàtì 5, mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ámítà, aago tó ń ka ámpù, náà ńkọ́? Bí ọkọ̀ yín bá ní in, lẹ́yìn wáyà tuntun yìí á máa fi hàn pé bátìrì ń tán ní gbogbo ìgbà, torí iná tó ń wọ bátìrì kò gba ibẹ̀ mọ́. Fífi ámpù 45 gba ara ámítà tí òpin rẹ̀ jẹ́ 30 kò sì dára. Ẹ yọ ọ́, ẹ so wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi mítà fólítì sípò rẹ̀. Òun ló tiẹ̀ ń sọ ohun tó wúlò jù.

Ìdánwò

Kí ẹ tó so bátìrì padà, ẹ wo wáyà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ yà. Bátìrì tó kún á fi bíi fólítì 12.6 hàn kí ẹ tó tan ọkọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́: iná pupa gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó yára díẹ̀: ó gbọ́dọ̀ kú. Mítà lórí bátìrì gbọ́dọ̀ wà láàárín 13.8 àti 14.4. Ẹ tan iná iwájú, wáípà àti fáànù papọ̀. Kò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 13.5 bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré ní bíi 2000. Bí ó bá kọjá 15, ẹ pa á kíá, rẹ́gúlétọ̀ inú rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ìdánwò tó tẹ̀lé e ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òun sì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lórí 2000 àti gbogbo iná ní títàn, ẹ fi ẹnu mítà kan lé B+ alternator, kí ẹ fi èkejì lé òpó + bátìrì. Ohun tí ẹ máa rí ni iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Kó má ju fólítì 0.3 lọ. Ẹ ṣe bákan náà láàárín ara alternator àti òpó −: kó má ju 0.2 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, orí wáyà kan ni kò wọlé dáadáa. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, èyí tó gbóná ni ẹlẹ́ṣẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ tú − bátìrì, kí ẹ fi mítà tí ẹ gbé sórí milliamp sáàárín òpó náà àti wáyà rẹ̀. Bó bá ju 50 lọ, tí aago tàbí rédíò kò sì jẹ́, dáyóòdù kan ló ń jò.

Ẹ tún bẹ́líìtì fà lẹ́yìn bíi 200 kìlómítà àkọ́kọ́, torí á ti nà. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má ṣe tú bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bí àwọn kan ṣe máa ń fi dán dáínámò wò. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó irin lára ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà alternator. Bí ẹ bá sì ti yí ẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ padà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì: "− LÓ WÀ LÓRÍ BỌ́DÌ". Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì ọkọ̀ tirẹ̀ jí tiyín lójú ọ̀nà, tó sì mọ̀ látinú ìwé pé + ni irú ọkọ̀ yín ń lò, á rí i kó tó so wáyà.